Sóbò Ìyá Àgbà àti Ṣúgà Ọjọ́ Jímọ̀

                                        Agbo Ilé Alálùbọ́sà,
                                        Gàmbàrí,
                                        Ìlọrin,
                                        Ìpínlẹ̀ Kwara.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Keje, Ọdún 2025.

Gbémisọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé Bàbá ti ń sùn dáadáa báyìí? Ṣé ara Màmá le? Isaiah àbúrò rẹ ńkọ́, tó máa ń pe orúkọ mi bí ẹni ń pe ewúrẹ́ wọlé? Mo kí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ tìrẹ ńkọ́, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò? Tiwa ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀rù rẹ̀ sì ti ń bà mí láti ìsinsìnyí, bí o ṣe mọ̀ mí. Ara mi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ àyà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sí ààyè rẹ̀ ni. Ohun tí ojú mi rí nínú ilé yìí, bí wọ́n bá sọ ọ́ fún mi, n kò ní gbà á gbọ́.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù, o ní kí n kọ́ ọ bí mo ṣe ń se sóbò tí kò ní ṣúgà, nítorí dókítà ti ní kí Bàbá yéé mu ohun dídùn inú ìgò. Mo ní màá fi ránṣẹ́, n kò sì fi ránṣẹ́. Má bínú. N kò gbàgbé. Ní àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń sọ nínú ilé wa pé sóbò mi ló ń ba ara Ìyá Àgbà jẹ́, èmi fúnra mi sì ti fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Báwo ni màá ṣe wá kọ́ ọ ní ohun tí mo rò pé ó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá? Mo sì mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn fi ohùn ránṣẹ́. Nínú agbo ilé wa, bí o bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ẹni tó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé máa bá ọ dáhùn. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì ni mo ti ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi. Jummai ni orúkọ wọn, nítorí pé ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Láti ìgbà ọmọge ni wọ́n ti ń fi òwú ṣe iṣẹ́ sára fìlà. Ṣàṣà ni àgbà ọkùnrin tó wà ládùúgbò wa tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn lórí. Àmọ́ nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú wọn díẹ̀díẹ̀, títí wọn kò fi lè fi òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Fìlà kan tí wọ́n ṣe dé ìdajì wà nínú àpótí aṣọ wọn láti ọdún tó kọjá. Wọ́n máa ń mú un jáde, wọ́n á fi ìka tọ ojú òwú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí wọ́n dá a dúró sí, wọ́n á sì tún dá a padà. Wọn kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn parí rẹ̀.

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè ṣí ojú náà, àmọ́ Ìyá Àgbà ní àtọ̀gbẹ, wọn kò sì ní fọwọ́ kan ojú wọn àfi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn bá wálẹ̀. Àwọn dókítà ojú tó ń ṣe iṣẹ́ náà kì í gbé ìlú yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ kò bá wálẹ̀ kí wọ́n tó dé, ó di àmọ́dún. Wọ́n sì ti sọ fún Àǹtí Hadiza pé ṣúgà náà ń jẹ ojú yìí láti inú, pé bí ó bá fi di àmọ́dún, àwọn kò lè ṣèlérí ohun tó máa kù níbẹ̀.

Àǹtí Hadiza ni àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Ọjà Tuntun. Àwọn ló ń ra oògùn, àwọn náà ló ń gbé Ìyá Àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n kó ṣúgà, oyin àti gbogbo ohun mímu dídùn kúrò nílé pátá. Ẹnu Ìyá Àgbà kò sì gba omi lásán. Wọ́n ní omi lásán, àlùwàlá ni wọ́n ń fi ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni mo ń kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kìn-ín-ní ni mo wà, tí mo sì máa ń ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá ara mi lójú pé mo kà á. Mo ní kí n máa se nǹkan tó ní òórùn àti àwọ̀, tí kò ní ṣúgà, kí ẹnu wọn lè rí ohun tó ń tẹ̀ lé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ìkúnwọ́ kan ewé sóbò ni mo ń lò, ìṣápá pupa gbígbẹ yẹn. Ẹni tó fẹ́ fi ṣúgà sí i ló ń da púpọ̀, nítorí ṣúgà á bo kíkan rẹ̀ mọ́lẹ̀. Màá ṣà á, màá fi omi tútù ṣàn án kíá nítorí yanrìn ọjà. Màá gún atalẹ̀ tútù pẹ̀lú kànáfùrù díẹ̀, màá sì dà wọ́n sínú omi lórí iná pẹ̀lú ewé tíì tí mo ti so ní ìdì. Àwọn wọ̀nyí ni kí o jẹ́ kó hó dáadáa. Ewé sóbò kò gbọ́dọ̀ bá wọn hó. Ìgbà tí o bá sọ ìkòkò kalẹ̀ ni kí o tó dà á sí i, kí o dé e, kí o sẹ́ ẹ bó bá ti tutù. Bí o bá jẹ́ kó hó pẹ̀lú wọn, á kan bí ọtí kíkan. Ewé tíì yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ jù, òórùn rẹ̀ máa ń tan ẹnu jẹ, ẹnu á rò pé adùn wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ fi dàbínù sí i nígbà kan, mo wá rántí pé adùn dàbínù náà, ṣúgà ni.

Àkọ́kọ́ tí mo sè kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyá Àgbà mu ẹnu kan, ojú wọn fún pọ̀.

"Raudah, ṣé eyín tó kù lẹ́nu mi lo wá gbà?"

Etí mi gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, wọ́n ní kí n lọ tún un ṣe, pé ìyá wọn náà na àwọn kí àwọn tó mọ ọbẹ̀ sè. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún un fúnra wọn. Wọ́n ń yìn ín lójú àlejò. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n máa sè é lọ́pọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, kí n máa rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì ńlá. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lọ sí kíláàsì. N kò bi ara mi léèrè pé kí ni àgbàlagbà obìnrin kan ṣoṣo ń fi odidi kẹ́ẹ̀gì ṣe.

Ìwọ náà mọ̀ pé ohun tí a bá ti gbé fún àgbà, ọmọdé kì í padà lọ tọ́ ọ wò. Mo máa ń tọ́ ọ wò nídìí ìkòkò. Àmọ́ bí kẹ́ẹ̀gì náà bá ti wọ inú fìríìjì kékeré tó wà ní yàrá Ìyá Àgbà, ó ti di tiwọn nìyẹn. Bí wọn kò bá bù fún mi, n kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Wọn kì í sì í bù fún mi.

Ọjọ́ Ajé ni a máa ń lọ wọn ṣúgà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a lọ lẹ́yìn tí sóbò bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì gún wọn níka, ó wo ẹ̀rọ náà, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún gún ìka mìíràn. Ṣúgà náà ti gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àǹtí Hadiza bi Ìyá Àgbà pé kí ni wọ́n jẹ.

"Ohun tí ẹ fún mi ni mo jẹ," Ìyá Àgbà dáhùn. "Sóbò Raudah nìkan ni mo mu lé e."

Gbémisọ́lá, gbogbo wọn yíjú sí mi, títí kan àwọn tó jókòó níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, Àǹtí Hadiza bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ yunifásítì. Ọmọ tó ń kọ́ nípa oúnjẹ. Kò tíì lo ọdún kan níbẹ̀, ó ti di dókítà lé wa lórí."

Mo ń sọ pé ẹ má bínú, ẹ má bínú, títí a fi délé, n kò sì mọ ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó ni mo máa ń sè mọ́ ọn nígbà yẹn, mo yọ ọ́ kúrò. Mo pààrọ̀ ẹni tí mo ń ra ewé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi eérú fọ ìkòkò bí ẹni pé ṣúgà lè sá pamọ́ sí ara irin. Mo fẹ́ bi olùkọ́ wa kan léèrè, mo dìde ní kíláàsì, ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni?", mo sì tún jókòó. A tún lọ sí ilé ìwòsàn, ó tún ga sí i. Dókítà ní àwọn dókítà ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, pé ó ku ìgbà kan péré táwọn máa wọn ṣúgà náà, pé bí kò bá wálẹ̀, ẹlòmíràn ni àwọn máa fún ní ààyè Ìyá Àgbà.

Lọ́jọ́ yẹn Àǹtí Hadiza kò pariwo. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Wọ́n ní kí n má gbé ìkòkò kaná mọ́, pé kí n wá ibùsùn sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, pé bí ojú ìyá àwọn bá fọ́, àwọn kò ní lè máa wo ojú mi nínú ilé yìí. Ìyá Àgbà ló gbà mí sílẹ̀.

"Hadiza, fi ọmọ mi sílẹ̀. Á sè é ní Ọjọ́bọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa sọ tiyín."

Mo sè é. Díẹ̀ ni ewé sóbò tí mo fi sí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà pupa. Mo tọ́ ọ wò, mo tún tọ́ ọ wò. Kíkan àti ata nìkan ló wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, mo máa ń ní iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ náà olùkọ́ wa kò wá, mo sì wá sílé. Bí mo ṣe ń wọ agbo ilé ni mo gbọ́ tí àwọn ọmọdé ń ṣe "Àmín" papọ̀. Àwọn ọmọ kéú Àáfà Shehu ni. Àáfà yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí tiwa. Wọ́n jókòó lórí ẹní níwájú yàrá Ìyá Àgbà, ife wà lọ́wọ́ kálukú. Àáfà Shehu jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Àgbà wà lórí àpótí ìjókòó wọn, kẹ́ẹ̀gì sóbò mi láàárín ẹsẹ̀ wọn, àpótí aṣọ wọn ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ fìlà tí wọn kò tíì parí yẹn, wọ́n fa ọ̀rá kan jáde. Ṣúgà oníhóró ni. Wọ́n bù ú ní ìkúnwọ́, wọ́n dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n dé e, wọ́n gbọ̀n ọ́n. Wọ́n dà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n lá a, wọ́n mi orí pé kò tíì tó, wọ́n sì tún bu ìkúnwọ́ mìíràn.

Mo dúró bí igi. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí.

Wọ́n pín in yíká. Àáfà Shehu gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní kí Ọlọ́run fún Ìyá wa ní àlàáfíà, kó ṣí ojú wọn, kó gba àrùn ìtọ̀ ṣúgà kúrò lára wọn. Àwọn ọmọ ní "Àmín." Ohùn Ìyá Àgbà ló ròkè jù. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ife tiwọn, wọ́n mu ún títí ó fi gbẹ.

Báàgì mi bọ́ lọ́wọ́ mi, ìwé mi fọ́n káàkiri. Ìyá Àgbà kò rí mi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìró ẹsẹ̀ mi.

"Raudah, ṣé ìwọ nìyẹn? O ti dé lónìí. Wá mu sàárà."

Ohun tó yà mí lẹ́nu ju ṣúgà lọ nìyí: wọn kò fi pamọ́. Ohùn wọn mọ́ bí omi. Mo dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ lọ, mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, ṣúgà lẹ fi sí i."

"Sàárà ni mo ń ṣe."

"Ẹ̀yin náà sì mu ún."

"Ṣé kí n gbé ohun tí ẹnu mi kọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ ni? Ẹni tí kò bá tọ́ sàárà rẹ̀ wò, ìdọ̀tí ló kó jùnù." Wọ́n nu ẹnu wọn. "Ojú ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Raudah. Ṣé omi kíkan ni màá fi tọrọ rẹ̀, ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi?"

Mo bi wọ́n léèrè ohun tó ń kù nínú kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n ní àwọn ló ń mu ún títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé ta ní í da àlùbáríkà nù. Ṣúgà náà, àwọn èèyàn ló ń fi ṣe sàárà fún wọn, níbi ìsọmọlórúkọ àti nínú ààwẹ̀. Àǹtí Hadiza kó ti inú ilé lọ, àmọ́ ọmọ wo ló ń tú àpótí aṣọ ìyá rẹ̀? Ìyá Àgbà ní ṣúgà tí àwọn bá jẹ tara àwọn ni dókítà kọ̀ fún àwọn. Èyí kì í ṣe tara àwọn. Bí wọ́n ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn, láìsí ẹ̀tàn kankan. N kò lè rẹ́rìn-ín, n kò sì lè sunkún.

N kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá sọ fún Àǹtí Hadiza, wọ́n á mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Àmọ́ wọ́n á tú àpótí Ìyá Àgbà sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì bá ìyá wọn wí bí ọmọdé. Bí mo bá dákẹ́, ojú náà á lọ. Mo tún ń rò ó pé ta ni èmi tí màá sọ fún Ìyá Àgbà bí wọ́n ṣe ń ṣe sàárà. Ọ̀rọ̀ àgbà, àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ ni í gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Àáfà Shehu.

Wọ́n ń gẹ́ kálámù wọn. Mo kúnlẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ láti sọ sì fò lọ.

"Àáfà, ṣé dandan ni kí sàárà dùn?"

Wọ́n bi mí pé ta ló rán mi. Mo ní kò sí. Ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀, ilé ìwòsàn, dókítà ojú, kẹ́ẹ̀gì, títí dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ṣí fìlà wọn, tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà, wọ́n fi nu ojú.

"Raudah, ti ilẹ̀kùn yẹn."

Mo tì í. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi wí.

"Èmi náà ní in," ni wọ́n sọ.

N kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Ó ti pẹ́. Wọ́n ní ìyàwó àwọn ń fún àwọn ní tíì tí kò ní ṣúgà, kò sì yé e ìdí tí ṣúgà fi ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn. Ó ti wá gbà pé àwọn ń jí ṣúgà jẹ níta bí ọmọdé. "Ife kan ní gbogbo Jímọ̀. Kí ni kí n ṣe? Kí n kọ sàárà ẹni tí fìlà rẹ̀ wà lórí mi? Níwájú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ pé a kì í kọ sàárà?"

Gbémisọ́lá, àgbà méjì. Ọ̀kan ń fi ṣúgà sí i kó má bàa fi kíkan fún èkejì, èkejì ń mu ún kó má bàa dùn ún pé wọ́n kọ̀ ọ́.

Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n máa bọ̀. A bá Ìyá Àgbà lórí ẹní wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá tọrọ àforíjì," Àáfà Shehu wí.

"Kí lo ṣe?"

"Sóbò yín ló ń pa mí lọ."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí wọ́n fi yíjú sí wọn.

"Shehu. Ìwọ náà?"

"Èmi náà."

"O sì ń mu ún."

"Ẹ̀yin náà ń mu ún."

"Èmi ni mo ni ín," Ìyá Àgbà wí. "Ta ló ní kí ìwọ máa mu ún?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ bù fún mi lánàá."

Ìyá Àgbà di orí mú. Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, ìgbà tí Àáfà Shehu náà bẹ̀rẹ̀ ni mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Nígbà tó rọlẹ̀, Àáfà ní sàárà ni ohun tí kò pa ẹni tó ṣe é, tí kò sì pa ẹni tó gbà á, pé Ọlọ́run kì í tọ́ ife wò kó tó gbọ́ àdúà. Ìyá Àgbà ní àwọn ọmọ kò ní fẹ́ kíkan. Àáfà ní kí wọ́n fi ẹ̀pà sísun tì í. Ìyá Àgbà fún mi ní ọ̀rá ṣúgà náà pé kí n gbé e lọ fún ìyá ọmọ tuntun kan ní agbo ilé kejì. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n pè mí padà pé kí n tún wo abẹ́ fìlà náà dáadáa. Òmíràn ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbà fúnra wọn ló sọ fún Àǹtí Hadiza. N kò sí níbẹ̀, n kò sì béèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Àǹtí ti ọjà dé ní ọjọ́ kejì, wọ́n ju ọ̀rá atalẹ̀ tútù kan sórí ẹní mi. Wọ́n ní, "Wọ́n ní tútù ló dáa ju gbígbẹ lọ," wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ ibùsùn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ kò wáyé mọ́. Mo lọ sunkún ní balùwẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ kéú mu ẹnu kan, ojú gbogbo wọn fún. Kamilah, èyí tó kéré jù nínú wọn, ní, "Ìyá, ti òní kan o." Ìyá Àgbà ní, "Ó kan èmi náà. Mu ún, kí o jẹ ẹ̀pà lé e." Wọ́n mu ún. Wọ́n ń mu ún di òní.

Nígbà tí a lọ fún ti ìkẹyìn, mo di ojú mi. Nọ́ọ̀sì gún ìka, ó wo ẹ̀rọ náà, ó tún gún òmíràn. Ó ní ó ti wálẹ̀, pé òun kàn fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá òun lójú. Mo mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn, n kò bínú sí i. Nígbà tí àwọn dókítà ojú dé, wọ́n ṣe ojú ọ̀tún Ìyá Àgbà. Nígbà tí wọ́n ṣí òwú tí wọ́n fi bo ojú náà kúrò, dókítà bi Ìyá Àgbà pé kí ni wọ́n rí. Wọ́n wò mí pẹ́.

"Mo rí ọmọ kan tó rù. Raudah, ṣé o kì í jẹun ni?"

Nítorí náà, sè é fún Bàbá, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà wọn léèrè, nítorí sóbò máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, Bàbá sì ti ń lo oògùn rẹ̀. Bí o bá sì ti gbé e fún wọn, má fi sílẹ̀ bí mo ti ṣe. Padà lọ tọ́ ọ wò. Bó bá jọ àfojúdi, bẹ̀ wọ́n, kí o sì tún tọ́ ọ wò.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá. Sọ fún Isaiah pé èmi kì í ṣe ewúrẹ́. Ìyá Àgbà ní kí n kí ọ, pé ìgbà wo lo ń bọ̀ wá mu sóbò tó kan.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ife kan fún wọn lẹ́nu fèrèsé kí n tó jókòó ti lẹ́tà yìí. Wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n ní, "Ṣé bó ṣe pupa tó nìyí? Gbogbo ìgbà tí mo ń da ṣúgà sí i, n kò mọ̀ pé ó rẹwà báyìí." Wọ́n ní kí n bá àwọn mú fìlà yẹn jáde. Wọ́n mú òwú pupa, wọ́n fi itọ́ mú ẹnu rẹ̀ pọ̀, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sójú. Ó kọ́kọ́ yẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, mo sì rí i tí òwú náà jáde lódìkejì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dá a dúró sí lọ́dún tó kọjá.

Wọ́n ti ń pè mí báyìí. Wọ́n ní kí n fi bírò sílẹ̀ kí n lọ ṣa ewé sóbò mi, pé ọ̀la ni Jímọ̀.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí àyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀,
                                        Raudah.